Orí tutù, ìdí ti kú: iná Yellowstone ọdún 1988 àti kòkòrò abẹ́ èèpo

Ní ọjọ́ 11 oṣù September ọdún 1988, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí igbó Yellowstone ní Amẹ́ríkà. Iná ti ń jó igbó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru. Wọ́n ti kó panápaná lọ síbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ti kó sójà kún wọn, síbẹ̀ wọn ò rí i pa. Ohun tí omi àti bàálù kò lè ṣe, yìnyín díẹ̀ àti òjò ló ṣe é. Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, tí àwọn èèyàn fò gba òkè wo ilẹ̀, igbó náà dà bí aṣọ tí aró kò mú dọ́gba: ibì kan dúdú bí èédú, ibì kan pọ́n bí irin tó dípẹtà, ibì kan sì tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé iná ò débẹ̀ rí. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n ka ohun tó jó, wọ́n ka ohun tó kù.

Kò pẹ́ tí àwòrán náà fi di irọ́. Lọ́dún kejì, lọ́dún kẹta, lọ́dún kẹrin, àwọn igi tí wọ́n ti kà mọ́ ohun tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kú. Ìtàn ikú wọn ni mo fẹ́ sọ. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi pé iná igbó dára nítorí ó ń pa kòkòrò tó ń jẹ igi. Mo sì ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà pé iná ló ń bí kòkòrò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ibi tó ti jóòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òótọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí gbọ́dọ̀ fi òkè sílẹ̀, kó wá sí ìdí igi.

Igbó náà àti iná tó jó o

Inú ìpínlẹ̀ Wyoming ni èyí tó pọ̀ jù nínú Yellowstone wà, etí rẹ̀ sì wọ Montana àti Idaho díẹ̀. Láti ọdún 1872 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti yà á sọ́tọ̀ bí ọgbà orílẹ̀-èdè. Tí a bá kó gbogbo igi rẹ̀ jọ, bí mẹ́rin nínú márùn-ún ló jẹ́ irú páìnì kan tí wọ́n ń pè ní lodgepole. Igi gbọọrọ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dúró ṣánṣán. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ láyé àtijọ́ a máa fi í ṣe òpó àgọ́, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ohun méjì wà nípa igi yìí tí òǹkàwé gbọ́dọ̀ mọ̀. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú èso rẹ̀ sì ni oje ti lẹ̀ pa, tí irúgbìn inú rẹ̀ kò ní jáde àfi tí ooru bá yọ́ oje náà. Igi tó ń dúró de iná ni, iná tó sì ń dúró dè náà ni yóò pa á.

Àwọn igi mìíràn wà láàrin rẹ̀: páìnì whitebark ní téńté òkè níbi tí òtútù ti mú jù, spruce Engelmann níbi tí ilẹ̀ ti tutù, àti Douglas-fir ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá àfonífojì. Méjì tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe páìnì gan-an, ìbátan rẹ̀ ni wọ́n. N kò lè yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ara wọn gan-an ni apá kan ìtàn yìí ti hàn jù.

Láti ọdún 1972 ni àwọn aláṣẹ ọgbà náà ti gbà pé kí iná tí mànàmáná bá dá máa jó lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti fẹ́ pa èèyàn tàbí jó ilé. Ṣùgbọ́n ìgbà ooru ọdún 1988 gbẹ ju gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ rí nínú ọgbà náà. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù July, wọ́n ti yí ohùn padà pé kí wọ́n pa gbogbo iná náà. Ọwọ́ ò ká a mọ́. Èyí tó tóbi nínú wọn, tí wọ́n sọ ní North Fork, kì í tilẹ̀ ṣe mànàmáná ló dá a: sìgá tí ẹnì kan tó ń gé igi jù sílẹ̀ lẹ́yìn ààlà ọgbà ní July 22 ni. Ní August 20, ẹ̀fúùfù gbé iná, ó sì jó ju 150,000 éékà lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Sátidé Dúdú ni wọ́n ń pe ọjọ́ yẹn títí dòní. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, 793,880 éékà ni iná ti dé nínú ọgbà náà, ìyẹn ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí 25,000 èèyàn ló ti bá a jà, owó tí wọ́n ná sí i sì tó 120 mílíọ̀nù dọ́là.

Iye éékà ni gbogbo ayé gbọ́. Kò sọ ohun kan fún wa nípa kòkòrò.

Ohun tí kòkòrò ń wá

Kòkòrò abẹ́ èèpo kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀. Kì í gbé inú igi líle. Láàrin èèpo òde tó gbẹ àti igi gan-an ni awọ kan wà, ó fẹ́lẹ́, ó tutù, ó ní adùn nínú. Òun ni ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti ewé sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Oúnjẹ kòkòrò yìí nìyẹn, ibẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Tí awọ náà bá gbẹ, tàbí tó bá jóná, igi ọ̀hún ti di òfìfo lójú rẹ̀. Ẹni tó ti wá ìtun nínú ọ̀pẹ rí á yé ohun tí mò ń wí. Ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wó, tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀, là ń là wò; èyí tó ti gbẹ láti èṣí kò sí ẹni tó ń fi àáké kàn án.

Igi tí ara rẹ̀ le kì í gbà fún wọn. Bí kòkòrò bá dá ihò sí i lára, oje ni igi fi ń dá a lóhùn. Oje á ṣàn jáde, á gbé e sóde tàbí kó bò ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kòkòrò kì í fi dá nìkan jà. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé á tú òórùn sílẹ̀, àwọn yòókù á gbọ́ ọ, wọ́n á rọ́ dé lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún títí oje igi á fi tán. Wọ́n tún ń gbé olú tín-tìn-tín kan wá, irú èyí tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Olú náà á wọ inú igi, á dí ọ̀nà omi, igi ọ̀hún á sì di aláwọ̀ aró bí ẹni rì í sínú ìkòkò aláró. Bí èèyàn bá gé irú igi bẹ́ẹ̀ lulẹ̀, àwọ̀ aró yẹn ni yóò kọ́kọ́ rí.

Nítorí náà, igi tí kòkòrò ń fẹ́ gbọ́dọ̀ ní ohun méjì pọ̀: kí oúnjẹ ṣì wà lábẹ́ èèpo rẹ̀, kí agbára àti tú oje sì ti kúrò lára rẹ̀. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú igbó tó ń gbádùn. Ọdún 1988 pèsè wọn káàkiri ilẹ̀.

Ìdí igi

Iná tó bá gba orí igi kọjá á jó ewé, á jó ẹ̀ka, á sì yan awọ tútù lábẹ́ èèpo. Kòkòrò abẹ́ èèpo kò ní ohun tó ń wá lọ síbẹ̀. Àwọn tó tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ kí iná tó dé ti jóná mọ́ ọn. Ẹni tó ń sọ pé iná ń pa kòkòrò, igi yìí ló ń wò, òótọ́ ló sì ń sọ nípa rẹ̀. Igi tí iná ò kàn rárá, oje rẹ̀ wà lára rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wà. Iná tó ń rá nílẹ̀, tó ń jẹ ewé gbígbẹ àti igi tó ti wó, kì í ga. Ó lè máà kan ewé kan lórí igi. Àmọ́ ó ń pẹ́ nídìí rẹ̀. Lodgepole tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ kò lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀: awọ tútù abẹ́ èèpo á sè yí ìdí igi ká, bí ẹni fi àdá bó o yípo. Lókè, ewé ń dán. Omi ṣì ń gòkè gba inú igi líle, ìyẹn ni ewé kò fi tètè rọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ewé ń sè kò dé gbòǹgbò mọ́. Ebi ń pa gbòǹgbò lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tó ń wo orí igi láti inú bàálù sì kà á mọ́ alààyè.

Ti Douglas-fir yàtọ̀. Èèpo àgbà rẹ̀ nípọn, ó lè gba iná kọjá kí nǹkan kan má ṣe é. Ohun tó ń bá a jà ni òkìtì ewé àti pàǹtí tó ti kó jọ sí ìdí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iná á kọjá, òkìtì náà á ṣì máa rú èéfín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún wákàtí gbọọrọ, á máa se ìdí igi àti gbòǹgbò tó wà nítòsí ojú ilẹ̀.

Àwọn tó kúnlẹ̀ wò ó

Olùwádìí méjì ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó, Gene Amman tó mọ kòkòrò àti Kevin Ryan tó mọ iná, wọ inú igbó Yellowstone àti agbègbè rẹ̀ lẹ́yìn iná náà láti mọ ohun tó ń pa àwọn igi tó kù. Wọ́n tẹ èsì wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Lynne Rasmussen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá a lọ títí di 1993, wọ́n ń padà sọ́dọ̀ igi lọ́dọọdún. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú iṣẹ́ wọn nìyẹn. Igi tí èèyàn wò lẹ́ẹ̀kan kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ ìkúnlẹ̀ ni iṣẹ́ yìí. Èèyàn á kúnlẹ̀ sínú eérú nídìí igi, á fi àáké kékeré ṣí èèpo bí ẹni ṣí fèrèsé. Tí awọ abẹ́ rẹ̀ bá funfun, tó tutù, tó ṣeé tẹ̀ láìdá, apá ibẹ̀ wà láàyè. Tó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó gbẹ, tàbí tó ń rùn kíkan bí ògì tó ti pẹ́, ó ti kú. Á yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á tún ṣí i, títí yóò fi mọ èyí tó ti kú nínú àyíká ìdí igi náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ń wá ihò kòkòrò, ihò tí kò ju orí ìṣó kékeré lọ, àti lẹ́búlẹ́bú bíi ti ayùn káfíńtà tó ti kó sínú pàlàpálá èèpo. Lára Douglas-fir, lẹ́búlẹ́bú yẹn máa ń pọ́n bí osùn. Bó bá bó èèpo níbẹ̀, ojú ọ̀nà tí kòkòrò gbẹ́ ni yóò sọ orúkọ kòkòrò náà fún un. Ti Ips pini, kòkòrò kékeré tó ń jẹ páìnì, dà bí ẹsẹ̀ adìẹ: yàrá kékeré kan láàrin, tí akọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ́, ọ̀nà méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì yọ lára rẹ̀, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀nà tirẹ̀. Ti kòkòrò Douglas-fir jẹ́ ọ̀nà kan gbọọrọ tó tọ́ sókè, ọ̀nà àwọn ọmọ rẹ̀ sì yọ lọ́tùn-ún lósì.

Ohun tí wọ́n rí ni pé igi kọ̀ọ̀kan ní àlejò tirẹ̀. Ips pini ló wọ lodgepole, ó sì wọ whitebark pẹ̀lú. Kòkòrò Douglas-fir lọ sára Douglas-fir, kòkòrò spruce lọ sára spruce. Lodgepole tí wọ́n bá kòkòrò lára rẹ̀, igi tí ìdí rẹ̀ ti sè ni lọ́pọ̀ ìgbà, tí ewé rẹ̀ ṣì wà lórí. Nígbà tí wọ́n sì ṣírò gbogbo ikú tó wáyé lẹ́yìn iná, ọgbẹ́ iná fúnra rẹ̀ ló pa èyí tó pọ̀ jù, kòkòrò pa èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì pọ̀ yí igbó náà padà gan-an kúrò ní bó ṣe rí lọ́jọ́ tí yìnyín pa iná. Ibi tí wọ́n ti kọ tútù sórí máàpù di pupa, lẹ́yìn náà ó di aláwọ̀ eérú.

Èyí tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, tí kò dé

Kòkòrò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù ba gbogbo ẹni tó ní páìnì ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà: Dendroctonus ponderosae, kòkòrò páìnì orí òkè. Abo rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ igi, oṣù July àti August sì ni wọ́n máa ń fò. Ní àwọn ọdún 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1980, ó ti pa lodgepole ní Yellowstone débi pé òkú igi kún ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ronú pé igi tí iná ti fi ọgbẹ́ sí lára ni yóò jẹ́ àsè fún un, pé láti ibẹ̀ ni yóò ti tú sí igbó tó kù.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n rí lára lodgepole tó fara gbọgbẹ́ kò tó nǹkan. Àwọn kòkòrò náà ti dín kù kí iná tó dé, ẹni tí kò sì sí nílé kò lè jẹ àsè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kòkòrò páìnì orí òkè fẹ́ awọ tó nípọn tó sì tutù. Òun nìkan kọ́ ló sì ń wá a. Ips pini tètè ń dé, ó lè bí ju ìran kan lọ láàrin ọdún kan, nígbà tí èkejì sábà máa ń gba ọdún kan gbáko fún ìran kan. Lẹ́yìn wọn ni àwọn kòkòrò ńlá ajẹgi dé, àwọn tí ọmọ wọn nípọn bí ìka ọmọdé. Ọmọ wọn ń jẹ awọ náà tán lọ́nà gbogbo, bí wọ́n bá sì pàdé ọmọ kòkòrò abẹ́ èèpo lójú ọ̀nà, wọ́n ń jẹ òun náà mọ́ ọn.

Nínú àwọn kòkòrò tó ń wá iná ni Melanophila wà, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀ torí pé kò sí ìgbà tí mo rántí rẹ̀ tí kì í yà mí lẹ́nu. Nígbà tí gbogbo ẹ̀dá ń sá fún iná, òun ń fò lọ bá a. Ó ní ihò kékeré lábẹ́ ara rẹ̀ tó fi ń gbọ́ ooru iná láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1925, nígbà tí táǹkì epo rọ̀bì kan gbaná ní Coalinga ní California, ibi tí igbó wà jìnnà gan-an sí, wọ́n rọ́ débẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Inú igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ló fẹ́ yé ẹyin sí, kí oje má baà ṣe ọmọ rẹ̀ ní nǹkan. Kòkòrò yìí àti àwọn bíi tirẹ̀ sì ni oúnjẹ ẹyẹ àkókó ẹlẹ́yìn-dúdú, tó máa ń wá sí igbó tó jó, tó ń sọ èèpo sílẹ̀ pápápá láti yọ ọmọ kòkòrò. Láàrin ọdún díẹ̀ tí igi fi ń kú, igbó tó jó kún fún ariwo wọn.

Ibi tó ti tàn dé igi tó yè

Bí kòkòrò páìnì orí òkè bá já àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ kulẹ̀, kòkòrò Douglas-fir kò ṣe bẹ́ẹ̀. Iná kan tí wọ́n pè ní Clover Mist jó láti inú ọgbà náà kọjá sí Shoshone National Forest, igbó ìjọba kan ní ìlà oòrùn rẹ̀. Àwọn Douglas-fir tí iná náà rà ní ara níbẹ̀ ni kòkòrò bí sí. Nígbà tí oúnjẹ abẹ́ èèpo wọn tán, àwọn ọmọ tí wọ́n bí jáde lọ wá igi mìíràn, wọ́n sì lọ sára èyí tí iná ò kàn rárá. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn iná ni èyí ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé 1988. Douglas-fir tí wọ́n pa náà jẹ́ àgbà igi, tó ti rí iná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ní iná ń bí kòkòrò ti jóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Àwọn kòkòrò náà fúnra wọn ló ń dá ara wọn dúró: nígbà tí igi bá ti kún, wọn á tú òórùn mìíràn tó ń sọ pé àyè ti tán. Ọ̀pọ̀ àwọn kòkòrò tó jáde láti ara igi tó jó kò sì ní rí ibi tí wọ́n lè borí, torí oje igi tó yè ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ní 2012, Erinn Powell, Philip Townsend àti Kenneth Raffa tẹ iṣẹ́ kan jáde tó wo ọ̀rọ̀ yìí ní agbègbè Yellowstone lára àwọn iná tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1988. Wọ́n rí i pé nígbà tí kòkòrò páìnì orí òkè bá kéré, tí kò lè borí igi tó le, igi tó fara gbọgbẹ́ ni ibi ìsádi rẹ̀. Kò ní kú tán. Àmọ́ ọmọ tó ń jáde láti ibẹ̀ kò pọ̀ tó láti dá àjàkálẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka igi tó jó sí mọ́, igi tó le ni wọ́n ń lọ bá, nítorí awọ rẹ̀ ló ní oúnjẹ gidi. Tèmi nìyí nínú ọ̀rọ̀ náà: kí a tó béèrè bí iná ṣe tóbi tó, ó yẹ ká ti béèrè iye kòkòrò tó wà nínú igbó lọ́jọ́ tí iná wọlé.

Ṣé òkú igi ló fa iná?

Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ náà gba ẹ̀yìn wá. Wọ́n ní kòkòrò àwọn ọdún 1970 ló pa igi tí iná fi rí ohun jó. Heather Lynch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi máàpù kòkòrò àtijọ́ lé máàpù iná, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Ibi tí kòkòrò ti jà láàrin 1972 sí 1975 ṣeé ṣe kó jó ju ibòmíràn lọ pẹ̀lú ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tó ti jà láàrin 1980 sí 1983 kò fi ohunkóhun hàn. Ọ̀dá àti ẹ̀fúùfù ló gbé iná náà dé ibi tó dé. Òkú igi ṣe èyí tó lè ṣe, kò pọ̀.

Ohun tí iná ṣe tó pẹ́ jù

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọdún márùn-ún. Èyí tó jinlẹ̀ jù nínú ohun tí iná 1988 ṣe sí kòkòrò ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kò sì ní ariwo kankan nínú.

Nígbà tí iná yọ́ oje lára èso lodgepole, irúgbìn bọ́ sínú eérú. Láàrin 50,000 sí mílíọ̀nù kan ní éékà kan ni wọ́n ṣírò rẹ̀ sí, láti ibì kan sí ibòmíràn. Nínú ọdún díẹ̀, ọmọ páìnì ti hù jọ débi pé èèyàn kò lè gba àárín wọn kọjá ní ibì kan. Igi wẹ́wẹ́ yìí kò wúlò fún kòkòrò páìnì orí òkè. Igi tó nípọn, tó ti tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, ló ń wá, torí nínú èèpo irú igi bẹ́ẹ̀ ni awọ tó tó ọmọ rẹ̀ bọ́ wà. Ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún éékà, nígbà náà, iná ti kó àwo oúnjẹ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ fún ìran èèyàn mẹ́ta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní British Columbia ní Kánádà ló jẹ́ kí n rí i bí èyí ti tóbi tó. Níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún pa gbogbo iná tí wọ́n bá rí nínú igbó páìnì. Lodgepole wọn dàgbà pọ̀, wọ́n nípọn pọ̀, ilẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹni; nígbà tó fi máa di ìparí ọ̀rúndún ogún, páìnì tó ti tó kòkòrò jẹ ti di ìlọ́po mẹ́ta iye tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òtútù ọ̀gìnnìtìn tó máa ń pa ọmọ kòkòrò lábẹ́ èèpo, nǹkan bí 40 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, kò dé mọ́ bó ṣe ń dé. Láti òpin àwọn ọdún 1990, kòkòrò páìnì orí òkè wọ inú igbó yẹn, ó sì kàn án lórí ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 18 hẹ́kítà. Kì í ṣe iná ló fà á. Iná tí kò jó, pẹ̀lú òtútù tí kò dé, ló fà á.

Yellowstone náà kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ òtútù yẹn. Ní àwọn ọdún 2000, kòkòrò kan náà gun òkè lọ bá àwọn páìnì whitebark, níbi tí òtútù ti ń dáàbò bò wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì pa àgbà igi níbẹ̀ lọ salalu. Ó dùn mí ju ti lodgepole lọ. Whitebark kì í yára dàgbà, béárì ń jẹ irúgbìn rẹ̀ kí òtútù tó dé, kò sì ní irúgbìn tí oje lẹ̀ mọ́ inú èso tó ń dúró de iná bíi ti lodgepole. Ẹyẹ kan ló ń bá a rì í mọ́lẹ̀.

Àwọn igi 1988 dúró nísàlẹ̀ nígbà tí èyí ń lọ, kòkòrò ò yà sọ́dọ̀ wọn. Ní 2016, iná tí wọ́n pè ní Maple wọ inú apá kan lára wọn, ní ibi tí North Fork ti jó tẹ́lẹ̀, ó sì jó igi tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì ní èso tó pọ̀, ọmọ tó hù lẹ́yìn rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí èyí tó hù lẹ́yìn 1988. Àwọn yòókù ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sún mọ́ra wọn, ìdí wọn kò tíì nípọn, awọ abẹ́ èèpo wọn ṣì fẹ́lẹ́. Bí iná mìíràn kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á pé ọgọ́rin ọdún ní nǹkan bí 2070.